Òyìnbó Tí Kò Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Ẹṣin

                                        Ẹ̀yìn Ilé Rélùwéè,
                                        Ìfọ̀.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ọ̀wàrà, 1956.

Àbúrò mi Ládi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Èbúté Mẹ́tta? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ẹ̀fọ́rí tó ń dà á láàmú, ṣé ó ti lọ? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Mo kí yín tán. Èmi ò sí ní àlàáfíà, ìwọ lo sì fà á.

Àwòrán tí o já nínú ìwé arìnrìn-àjò òyìnbó ayé àwọn bàbá ńlá wa, tí o fún Lásúnkànmí ọmọ mi pé kó fi kọ́ṣẹ́, ó ti yà á gàdàgbà sára ògiri gbọ̀ngàn tuntun àdúgbò wa. Ọmọ tó fi iṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè sílẹ̀ tìtorí ọ̀dà! Iṣẹ́ àkọ́gbà rẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá Bùrẹ́ímọ̀, olórí àdúgbò, kó àwọn àgbà wá wò ó.

"Lásún, ta lèyí tó jókòó sórí ẹṣin?"

"Àlejò ni, Bàbá."

"Èyí tó dúró ní kọ̀rọ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ọba ni, sà."

"Háà! Àlejò wà lórí ẹṣin, ọba wà lórí ìdúró? Ṣé ẹṣin ti lẹ̀ mọ́ ọn nídìí ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wá ń ṣàlàyé pé Bọ̀dá Ládi ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yẹ nǹkan kan kúrò nínú àwòrán náà, pé yóò bàjẹ́. Bàbá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní bí òyìnbó yẹn bá ṣì wà lórí ẹṣin ní Sátidé tí wọn yóò ṣí gbọ̀ngàn, ẹfun ni wọn yóò fi kùn ún pa, Lásún ò sì ní kun ògiri mìíràn mọ́ ní Ìfọ̀.

Mo gba àwòrán náà, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìránṣọ mi. Mo na òwú láti igun dé igun: orí àkẹtẹ̀ òyìnbó ló gbà. Mo tún nà án láti igun kejì: àkẹtẹ̀ yẹn náà ni. Ibẹ̀ nìkan loòrùn ràn sí. Obìnrin tó rẹrù níwájú tóbi ju ọba lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló kọ sí wa. Kò lójú, kò nímú, ẹrù orí rẹ̀ kàn ń júwe orúnkún òyìnbó fún wa ni. Àwọn tó dọ̀bálẹ̀ dà bí òkúta nínú òkùnkùn. Agboòrùn ọba, etí ìwé ti gé e sí méjì. Èyí lo pè ní iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n? Ọgbọ́n ni lóòótọ́, àwa ni wọ́n fi rẹ́ jẹ! Ṣé o ti gbàgbé pé ẹlẹ́ṣin ń sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ọba, àbí o fẹ́ kí ọ̀gá rẹ òyìnbó gbọ́ pé o mọ àwòrán ni?

N ò rí oorun sùn. Bàbá ọmọ yìí ti kú; bí wọ́n bá pa ògiri yẹn rẹ́, ta ni yóò tún gbéṣẹ́ fún un? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ lo wà lọ́jà, ọwọ́ rẹ náà ló sì wọ́ ọ.

Lásún ti gbà láti tún un yà, ọ̀rọ̀ tìrẹ ló ṣì ń bà á lẹ́rù. Wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀, kí o wá bọ́ fìlà níwájú Bàbá Bùrẹ́ímọ̀, kí o sọ pé ìwọ lo kọ́ ọmọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Bí o ò wá, òyìnbó yóò sọ̀ kalẹ̀ bákan náà. Ẹni tí yóò di ìjánu ẹṣin mú fún un nínú oòrùn ni kò tíì lójú. Mo ti fún Lásún ní fọ́tò ìgbéyàwó rẹ.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ìwọ, n ò kí ọ.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú ń bí,
                                        Ìbíwùnmí.