Ọjọ́ Tí Wọ́n Wo Egungun Èmi àti Ìyáalé Mi

Ilé Fákúnlé,
Ìlàrè, Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá, 1999.

Abímbọ́lá ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Àbújá níbẹ̀? Ara ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ìjọba ńkọ́? Ọlọ́run tó mú ọ dé ọ̀nà jíjìn yẹn yóò máa jí ọ sí ire lójoojúmọ́. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìlú ò tíì fararọ tán, ṣùgbọ́n Ìlàrè tiwa dákẹ́. Èmi fúnra mi ni mo ń fi ìwé tí mo kà ní ẹ̀kọ́ àgbà kọ lẹ́tà yìí, torí náà bí o bá rí ibi tí mo ti gé ọ̀rọ̀ sí méjì, bá mi lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Mo rí nǹkan, Abímbọ́lá. Ojú mi rí ohun tí ẹnu mi ò lè ròyìn tán.

O rántí pé mo kọ ọ́ sí ọ pé Ìyá Fáníyì ìyáalé mi ṣubú lóṣù kẹsàn-án. Ká má tilẹ̀ pè é ní ìṣubú, wọ́n kàn fẹ́ dìde nídìí maṣíìnì ìránṣọ wọn ni, wọ́n fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ọrùn ọwọ́ sì dá. Mo pe ẹni tó ń to egungun, ó bá wọn dì í. Ṣùgbọ́n n kò pa ẹnu mi mọ́. Mo ní ọwọ́ tí kò gbé ẹrù rí, tó ń rànṣọ lábẹ́ òrùlé láti ogójì ọdún, ṣé kò ní dá ni? Wọ́n gbọ́, wọ́n gun òkè wọn lọ. O sì mọ̀ pé láti ìgbà tí Bàbá yín ti kú, àwa méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí, àwọn lókè, èmi nísàlẹ̀, ká kíra láàárọ̀, kó parí síbẹ̀.

Ni wọ́n bá kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn dókítà ń bọ̀ láti Yunifásítì, wọ́n fẹ́ wo egungun gbogbo ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí wa, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní bí wọn ò bá la ẹran ara, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ rí egungun? Mo wọ yẹ̀rì méjì, mo gbàdúrà, èmi àti ìyáalé mi jọ lọ.

Ẹ̀rọ náà ò ju rédíò ńlá lọ, ó wá ní ihò kan láàárín bí abọ́. Dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Lágúnjú, tí kò lè ju ọ lọ lọ́jọ́ orí, ló kúnlẹ̀ kí mi, ó ní kí n bọ́ bàtà, ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ẹ̀rọ yẹn. Mo rántí Jésù àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, omi bọ́ lójú mi, mo na ẹsẹ̀ kejì sí i. Ó ní Màmá, ọ̀kan ti tó. Ó ní ohùn kan wà tí etí ò lè gbọ́, inú omi ló ń gbà kọjá lára gìgísẹ̀ mi, òun ló máa sọ bí egungun ṣe le tó. Mo tẹ́tí títí, n ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n egungun mi gbọ́, torí ó dáhùn! Nọ́ńbà jáde lójú ẹ̀rọ, ni dókítà bá pe èkejì rẹ̀ pé kó wá wò ó.

Ó bi mí léèrè irú iṣẹ́ tí mo ṣe. Mo ní nígbà tí wọ́n ń kọ́ Yunifásítì tiyín yẹn, ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ru kọnkéré gun àkàbà, lẹ́yìn rẹ̀ mo ru kòkó, mo ru omi. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní ẹrù yẹn wà lára ohun tó mú egungun mi le. Orí mi wú. Ẹrù tí mo fi ń bá Ọlọ́run jà lójoojúmọ́, àṣé ṣe ni ara mi ń kó o pamọ́ sí báǹkì!

Ó kan Ìyá Fáníyì. Wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ omi. Nọ́ńbà jáde, dókítà ò pe ẹnikẹ́ni. Ó kọ́kọ́ di ọwọ́ wọn tó dá mú, ó wá rọra sọ pé inú egungun wọn ti ní ihò wẹ́wẹ́ bíi ti búrẹ́dì, pé òun ló jẹ́ kí ọwọ́ tètè dá, pé bí wọ́n bá fi ìbàdí ṣubú, ó lè máà ṣeé dìde mọ́. Mo bi í bóyá wọ́n lè fà díẹ̀ nínú tèmi fún wọn, bí wọ́n ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀. Ó ní kò sí irú rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kan tún wà tó tóbi ju èyí lọ, tó ń wo ẹ̀yìn àti ìbàdí, pé ní Amẹ́ríkà, adójútòfò ìjọba ló ń sanwó rẹ̀ fún àwọn àgbà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì. Mo la ẹnu, n ò lè pa á dé. Ìjọba jókòó, ó ń ro ti egungun arúgbó!

Bí a ṣe ń bọ̀ nílé, Ìyá Fáníyì ní àwọn máa ń wò mí látojú fèrèsé òkè láyé ọjọ́un, pẹ̀lú ẹrù lórí mi, àwọn á sì máa dúpẹ́ pé kì í ṣe àwọn. Wọ́n ní ó dun àwọn pé àwọn ò sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi sọ ẹrù náà kalẹ̀ rí. Ojú ọ̀nà níbẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí, mo tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọwọ́ wọn. Wọ́n ní kí n dìde kí mọ́tò má gbá mi.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé wọn wá sí yàrá mi nísàlẹ̀ kí wọ́n má gun àkàsọ̀ mọ́, èmi ni mo wà lókè báyìí. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe ìlara yàrá yìí, Abímbọ́lá, ooru ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Láràárọ̀ ni mo ń di ọwọ́ wọn mú, a ó rìn títí dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, torí dókítà ní ìrìn dára fún egungun.

Wàyí o, lẹ́tà rẹ tó kọjá sọ pé ìjọba ti ṣòfin adójútòfò ìlera lọ́dún yìí, pé bó bá bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún ní fọ́ọ̀mù. Èmi ò mọ adójútòfò ju ìwé tó wà lójú gíláàsì mọ́tò lọ. Mo bi Ọlátúnbọ̀sún onítakisí, ó ní tòun, tẹ́ẹ̀dì pátì, kì í san fún ẹni tó ni ín, ẹni tí mọ́tò bá gbá ló ń san fún. Mo rò ó, mo rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló dára: kí wọ́n kọ tèmi, kó máa san fún Ìyá Fáníyì. Ṣùgbọ́n bá mi bi wọ́n pé ibo ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ lára ènìyàn. Bó bá jẹ́ iwájú orí ni, kí wọ́n fi sí ibi tí gèlè máa bò.

Bi wọ́n pẹ̀lú bóyá ó kan òbí, bóyá wíwo egungun wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìyá kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù gbà, Abígẹ́lì Fákúnlé, orúkọ ìyáalé mi, ni kí o kọ, má kọ Ẹ́sítérì tèmi. Fáníyì ti kú, kò sì sí ọmọ mìíràn tó máa kọ orúkọ wọn síbì kankan. Irọ́ kọ́ o. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà lórí àkàbà, ẹ̀yìn wọn ni o ń sùn sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní orúkọ yẹn ò bá ìwé ìbí rẹ mu, sọ fún un pé ẹni tó bí ọ ló ní kí o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí fọ́ọ̀mù yẹn tó dé, jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé, fún mílíìkì, ẹja wẹ́wẹ́ àti oògùn funfun tí dókítà kọ fún wọn. Bí o bá rí fáànù kékeré kan, mi ò ní kọ̀ ọ́.

Ọlọ́run yóò gbé ọ ró, ọmọ mi. O ò ní fẹsẹ̀ kọ níbi iṣẹ́, o ò ní fẹsẹ̀ kọ nílé ọkọ. O ó dàgbà, o ó darúgbó, wàá sì rí ẹni tó máa di ọwọ́ rẹ mú rìn láàárọ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ kan,
Ẹ́sítérì Fákúnlé.