Ọdún Mẹ́ta Tí A Fi Pamọ́ Fún Ọ

Los Cocuyos,
ẹ̀yìn oko ìrèké.

Radhamés ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti Wúńdíá Altagracia. Chela tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ti ra eyín tuntun, ó wá ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn láìnídìí, títí kan ibi òkú. Adìẹ tó ń yé sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ ti pa ọmọ mọ́kànlá. Ọ̀pá tí o fi ń gbá bọ́ọ̀lù kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, bọ́ọ̀lù kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lójú, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ òkúta níbi tí o ti ń sáré. Àmín.

Ìwé ni mo ń kọ nítorí pé fóònù kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́ láti ọjọ́ Ẹtì tí a ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Yokasta, ọmọ àbúrò bàbá rẹ tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ní o ti ti ilẹ̀kùn mọ́ mi nínú fóònù. Mo yí fóònù náà síwá sẹ́yìn, n kò rí ilẹ̀kùn kankan. Ọmọ yìí kan náà ni mo bá wí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tó ń wò ọ́ nínú fóònù níbi tí o ti gbá bọ́ọ̀lù tí o sì ń sáré yípo pápá. Bí o bá ti sáré yípo tán, yóò fi ìka kan fóònù, wàá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló mú ọ sá eré yẹn. Mo ní ṣé kò mọ̀ pé orúnkún ń dun ọmọ ọlọ́mọ ni? Mo gba fóònù náà, mo fi ìkòkò dé e mọ́lẹ̀. Bí ara bá tù ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, èmi ni kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó mú ọ bínú. Jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè rí i pé n kò fi ọkàn búburú ṣe é.

Láti oṣù tó kọjá ni wọ́n ti ń jiyàn lórí rẹ níwájú ìsọ̀ Tatico, níbi tí àwọn àgbà ti ń ta ayò dòmínò. Rédíò sọ pé ẹgbẹ́ rẹ fẹ́ bá ọ ṣe àdéhùn ọdún méje, owó rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ẹni tó ń ka ìròyìn mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó kà á tán. Bàbá Ubaldo, tó ń wọn ìrèké nílé iṣẹ́ ṣúgà kó tó fẹ̀yìn tì, ní òmùgọ̀ ni wọ́n. Ó ní ẹni ọdún márùndínlógójì tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ máa sanwó fún títí yóò fi pé méjìlélógójì, ta ló ń fi owó ẹṣin ra ìbaaka tó ń tiro? Chichí onígbàjámọ̀ ní kí bàbá panu mọ́. Ó ní ta ló gbá bọ́ọ̀lù tó fọ́ iná pápá ìṣeré, ta ló ń jẹ́ kí èrò kún ibẹ̀ fọ́fọ́? Ó ní owó iṣẹ́ àná ni wọ́n ń san, torí pé nígbà tí o wà lọ́mọdé tí ò ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú, ṣẹ́ńjì ni wọ́n ń fún ọ. Bàbá Ubaldo ní kò sẹ́ni tó ń san owó wàrà tó ti kan. Chichí ní òun ò ní fá irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́ láyé. Irùngbọ̀n Bàbá Ubaldo ti dé àyà báyìí.

Èmi ò dá sí i, ṣùgbọ́n mò ń ronú. Nígbà tí o jẹ́ ọmọ ogún ọdún, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san fún ọ. O di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, owó gorí owó. O pé ọgbọ̀n, o ra ilé tó ní balùwẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀yin mẹ́rin péré lẹ sì ń gbé ibẹ̀. Mo wá fi ojú ara mi rí i pé ọjọ́ orí ni wọ́n ń sanwó fún nílẹ̀ yẹn. Wọ́n mọ àgbà lágbà, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Ni mo bá rántí ọdún mẹ́ta tí a fi pamọ́.

Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọkùnrin tó ń wá àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá kiri abúlé dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ti gbó jù lójú àwọn òyìnbó, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń wá. Òun àti akọ̀wé ìlú jọ jókòó ti ewúrẹ́ kan, nígbà tí wọ́n máa fi jẹ ẹ́ tán, o ti fi ọdún mẹ́ta kéré sí i. Ilé wo ni kì í ṣe é nígbà náà? Àwọn kan wà ní Los Cocuyos níbí tí àbúrò wọn ti di ẹ̀gbọ́n wọn nínú ìwé. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ní ọdún náà kò sọ nù, a kàn fi pamọ́ fún ọ ni.

Lọ́jọ́rú ni òyìnbó tí ẹgbẹ́ rẹ rán wá dé, Ọ̀gbẹ́ni Holloway. Alùpùpù ló gbé e wá, eruku ti sọ ọ́ di ará ilé wa. Ó ní òun wá kí ìyá tó bí irú akọni bẹ́ẹ̀, òun sì fẹ́ kọ nǹkan díẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù kan. Mo pa ewúrẹ́, mo se ìrẹsì àti ẹ̀wà pupa, mo din ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ń jẹ, ó ń béèrè, ó kan ọdún tí mo bí ọ. Mo rò ó pé bí mo bá pe márùndínlógójì, owó márùndínlógójì ni wọn yóò san. Mo ní kó kọ méjìdínlógójì. Mo ní ọdún tí ìjì ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo bí ọ, mo sì yọ ìwé ìrìbọmi rẹ jáde lábẹ́ ère Wúńdíá, kó má baà rò pé irọ́ ni mo fi ń gbé ọmọ mi ga. Ọkùnrin náà kò jẹun mọ́. Mo rò pé egungun há a lọ́fun, mo gbá a lẹ́yìn. Ó ya fọ́tò ìwé náà, ó sì ní òun ò rí ìyá tó sọ òtítọ́ tó báyìí rí. Inú mi dùn, mo di itan ewúrẹ́ fún un lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni o pè, o ní ọdún méje ti di ọdún kan ṣoṣo. Mo ké Halelúyà. Kí ni ǹ bá ti ṣe? Bàbá bàbá rẹ tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún méje pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ìrèké, ọdún kẹsàn-án ló tó rí ọ̀nà bọ́, ìka méjì ló sì fi sílẹ̀ fún wọn. Nínú ilé wa, ẹni tí wọ́n bá dín ọdún rẹ̀ kù, adìẹ là ń pa fún un. Ibi tí mo ti ń yọ̀ pé o máa wálé ni fóònù ti kú.

Chichí ló là mí lóye lọ́jọ́ kejì. Ó ní nínú ọdún méje yẹn, o lè fi mẹ́rin jókòó kí wọ́n sì máa san owó rẹ pé pérépéré. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìsọ̀ Tatico. Radhamés, n kò mọ̀. Ó dùn mí wọra. Nígbà tí màlúù wa Lucero darúgbó, bàbá rẹ kò tà á fún alápatà, ọdún mẹ́fà ló fi jẹ koríko ọ̀fẹ́ nítorí gbogbo ilẹ̀ tó ti bá wa tú. Bó bá tọ́ sí màlúù, ó tọ́ sí ọmọ mi.

Mo ti kọ ìwé sí ẹni tó ni ẹgbẹ́ rẹ. Mo ní kó jẹ́ kí owó gùn kí iṣẹ́ kúrú, wàá máa gbé àpò àgbọn kan wá kí i lọ́dọọdún. Mo ní orúnkún kan ṣoṣo ló ń dùn ọ́, èkejì le koko. Mo tún ní bó bá jẹ́ ọdún mẹ́ta yẹn ló ń bí i nínú, a lè kó o padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, torí akọ̀wé náà ṣì wà láàyè.

Ní ti ilé, páànù ilé ìdáná ń jò, ewúrẹ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Holloway jẹ kò ní arọ́pò, mo sì fẹ́ irú eyín Chela. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún pésò yóò tó. Bí o bá ṣì ń bínú, fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ránṣẹ́. Kí o sì fi fọ́tò tí ẹ̀rọ yà nínú orúnkún rẹ sí i, a fẹ́ gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó rẹ.

Ohun kan ló kù. Láti ìgbà tí o ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, bí gbogbo ọmọ ilé yìí, o kì í jáde, o kì í wọlé, o kì í sùn láìtọrọ ìbùkún lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí wọ́n yọ eyín rẹ tí ẹnu rẹ wú, o tọrọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, o kò tọrọ. Mo ti la ẹnu láti dáhùn kí n tó mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan lórí fóònù, n kò sì mọ ibi tí ìyá ń gbé irú ìbùkún bẹ́ẹ̀ sí. Bínú sí mi bó ṣe wù ọ́, o lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n gba èyí ná, bí o kò tilẹ̀ tọrọ rẹ̀: Ọlọ́run yóò bù kún ọ ní márùndínlógójì, yóò sì bù kún ọ ní méjìdínlógójì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Eduvigis.