Àwòrán Ìyá Wa Tí Ẹ Tà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àjò. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ bàbá tó wú ti ń lọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ọkùnrin tí ẹ ní kó wá ra àwọn magasíìnì àtijọ́ bàbá ti kó gbogbo ẹ̀ lọ, títí kan èyí tí ìyá wa ti polówó ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà ọmọge wọn. Àwòrán wọn kan ṣoṣo tó kù lẹ́yìn ikú wọn nìyẹn, ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́kọ́ fi hàn mí.

Bàbá bi mí pé, "Ṣé ó mọ̀ pé ìyá yín wà níbẹ̀?"

Mo ní ẹ ò mọ̀. Irọ́ yẹn ṣì korò lẹ́nu mi.

Ẹ gbà á padà kí ẹ tó pè wọ́n. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ rí i.

Àbúrò yín obìnrin.