Àdírẹ́ẹ̀sì Kan fún Kọ̀ǹpútà Méjì: Orúkọ Mẹ́rin Tí Kò Wọlé

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìrètí-Ayọ̀,
Tatonnonkon,
Adja-Ouèrè.
Ọjọ́ ogún, oṣù kìíní, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Olùdásílẹ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìrètí-Ayọ̀,
Adja-Ouèrè.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÌWÁDÌÍ LÓRÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́ MẸ́RIN TÍ A KÒ FORÚKỌ WỌN SÍLẸ̀ FÚN ÌDÁNWÒ BEPC

1. Èmi ni akọ̀wé kọ́lẹ́ẹ̀jì yín láti ọdún mẹ́fà. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ọ̀gá ilé-ìwé wa, Ọ̀gbẹ́ni Lucien Akíndèjì, fún mi níwèé pé kí n lọ jókòó sílé. Wọ́n ní àìbìkítà mi ló fà á tí orúkọ mẹ́rin fi ṣẹ́kù, àti pé Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí mo fi sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ló ba íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

2. Mo ti fi orúkọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ránṣẹ́ láìsí wàhálà. Ìwé ìbí àwọn mẹ́rin tó kù ló pẹ́. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n pé, ọjọ́ náà gan-an ni ìforúkọsílẹ̀ yóò sì parí ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

3. Ọ̀kan nínú wọn ni Pélagie Ògúnjọbí, abiyamọ ọlọ́mọ méjì, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó ń fún epo ní Oko-Akarè. Ọdún mẹ́ta ló fi ń ti ìdí epo wá sí kíláàsì. Ó jókòó ti tábìlì mi láàárọ̀ ọjọ́ náà kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé orúkọ òun wọlé.

4. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì kú. Iná kékeré ojú ihò wáyà ń tàn. Linux náà ní wáyà ń bẹ níbẹ̀. Mo yọ wáyà, mo fi òmíràn sí i. Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn. Mo ń pe àpótí tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì: ó dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Mo wá béèrè lórí wáyà bóyá ẹlòmíràn ń lo àdírẹ́ẹ̀sì tèmi, ìyẹn nọ́ńbà tí àpótí náà fi ń dá kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan mọ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dáhùn. Kọ̀ǹpútà ọ̀gá ló dáhùn.

5. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni Ọ̀gbẹ́ni Ràzákì, oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí ọ̀gá pè, so kọ̀ǹpútà tuntun ọ̀gá mọ́ wáyà, àmọ́ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀gá kọ́kọ́ tàn án. Àpótí wa kì í gba àdírẹ́ẹ̀sì tí a kò kọ sínú rẹ̀. Dípò kí ó kọ tuntun sí i, tèmi ni ó fún un. Mo gbìyànjú àdírẹ́ẹ̀sì mìíràn, àpótí kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí àpótí náà wà lọ́wọ́ Ràzákì, kò sì gbé fóònù rẹ̀.

6. Aago kan ọ̀sán, mo bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Wọ́n ní, "Tèmi ń ṣiṣẹ́. Lọ yọ Linux ọ̀fẹ́ rẹ kúrò." Mo padà lọ bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

7. Mo jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi. Ó yẹ kí n ti gbé ìwé wọ̀nyẹn lọ sí Adja-Ouèrè láti aago méjì. Mo ti rí ibi tí àrùn wà, ó sì ń dùn mí láti fi í sílẹ̀ báyẹn. Pélagie ló sọ fún mi pé, "Mìsé Hàkímù, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ìdánwò ni mo ń wá, kì í ṣe ẹ̀rí." Aago mẹ́rin ti kọjá dáadáa kí a tó rí ọ̀kadà zémíjàn kan. Nígbà tí a dé ìsọ̀ kọ̀ǹpútà Rosine ní Adja-Ouèrè, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kí n tó tẹ orúkọ Pélagie tán, wọ́n ti ti ìforúkọsílẹ̀. Kò sunkún. Ó ká ìwé ìbí rẹ̀, ó fi í sínú ìró rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ.

8. Ọ́fíìsì ìdánwò ṣì ń gba ẹ̀bẹ̀ títí di Ọjọ́bọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìbuwọ́lùwé alága nìkan ni wọ́n ń gbà. Mo bẹ̀ yín, ẹ buwọ́ lu ìwé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo so mọ́ èyí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ní kí ẹni tó mọṣẹ́ tan kọ̀ǹpútà méjèèjì lójú yín. Bí mo bá purọ́, ẹ má dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ bí ẹjọ́ tèmi bá ní láti dúró, kí ó dúró. Tiwọn kò lè kọjá Ọjọ́bọ̀.

9. Olùkọ́ ìṣirò sọ fún mi pé Pélagie wá sí kíláàsì láàárọ̀ yìí. Ó jókòó, ó ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò tí wọ́n fún wọn, ó sì béèrè ọjọ́ tí wọn yóò ṣe èyí tó kàn.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ ṣeun.

Èmi ni tiyín nínú òtítọ́,

Hàkímù Fáṣèyí,
Akọ̀wé tí a ní kó lọ jókòó sílé.