Adìyẹ Orí Tábìlì Àwọn Ọmọdé

Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹta
Mo kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ọnà. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní amọ̀ mímọ níbẹ̀ láràárọ̀ Àbámẹ́ta. Ìyá Ìjọ — ọmọ mi ọlọ́dún márùn-ún tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti tọ́ ọmọ mẹ́jọ — kò tilẹ̀ fẹ́ lọ. Bisikíìtì ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ẹnu, ti bu amọ̀ jẹ kí a tó jókòó. Olùkọ́ wọn, obìnrin onígíláàsì ojú kan, ka òfin sí wa létí: òbí lè wò, òbí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Gbogbo àwa òbí mi orí bí ọmọlúàbí.

Ìyá Ìjọ ní adìyẹ lòun fẹ́ mọ. Ohun tó mọ jọ bàtà. Mo kàn bá a tún ẹnu adìyẹ náà ṣe. Ẹnu nìkan.

Ìṣẹ́gun, 7
Mò ń gé àlùbọ́sà, mo rí amọ̀ lábẹ́ èékánná mi. Mi ò yọ ọ́. Kí n tó bímọ, kò sí eré orí ìtàgé tí n kì í lọ wò. Ní báyìí, àwòrán tí mò ń rí wò ò ju èyí tí Ìyá Ìjọ fi bíírò yà sára ògiri.

Àbámẹ́ta, 11
Kí n má purọ́ fún ìwé. Mo mọ odindi adìyẹ.

Tiẹ̀ ti sú Ìyá Ìjọ, ó ti wà nídìí bàsíà omi. Kí ni kí n ṣe? Adìyẹ tó sàba lórí ẹyin — òòyà irun Ìyá Ìjọ ni mo fi fa ìlà ìyẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó padà dé, ó rán mi létí pé olùkọ́ ní kí n má fọwọ́ kàn án. Mo ní mo kàn ń bá a dì í mú ni. Ó wò mí bó ṣe máa ń wo àbúrò rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ bá kún. Ó ní òun á máa bá mi ṣọ́ olùkọ́, bisikíìtì méjì lowó iṣẹ́ náà.

Àìkú, 12
Mo lá àlá adìyẹ.

Àbámẹ́ta, 18
Onígíláàsì dúró síbi tábìlì wa. Ó gbé adìyẹ sókè, ó yí i po, ó ní ọwọ́ yìí ti mọ iṣẹ́. Iwájú ló máa gbé e sí lọ́jọ́ àfihàn iṣẹ́ àwọn ọmọ, ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Mo dúpẹ́ lórúkọ ọmọ.

Láti ìgbà tí mo ti bímọ, kò sẹ́ni tó yin ohun tí mo fi ọwọ́ mi ṣe. Inú mi dùn. Ó tún dùn mí pé orúkọ ẹlòmíì ló máa wà lára rẹ̀.

Ọjọ́rú, 22
Mo fi àwòrán adìyẹ han ọkọ mi lórí fóònù. Ó ní ṣé ọmọ òun ló mọ èyí? Ó ní ẹ̀bùn yẹn, láti ìdílé tòun ni. Mo jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti pe ìyá rẹ̀.

Ẹtì, 24
Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ wá wo àfihàn. Gbogbo àdúgbò wọn ló ti gbọ́. Wọ́n ní ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní ń pọ̀n ọ́n — ta ni yóò wá pọn ìyá ọ̀ràn? Mo fún Ìyá Ìjọ ní odindi páálí bisikíìtì. Ó ní kò séwu.

Àbámẹ́ta, 25
Ewu wà.

Wọ́n to iṣẹ́ àwọn ọmọ sórí tábìlì. Ẹ̀gbẹ́ adìyẹ mi ni mọ́tò kan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí — ọmọ ọdún mẹ́rin ló mọ ọ́n, wọ́n ní. Bàbá ọmọ náà, télọ̀ kan, dúró tì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn. Onígíláàsì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá sọ bó ṣe mọ tiẹ̀. Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ pè. Ìyá ọkọ mi na fóònù sókè.

Ìyá Ìjọ tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó ní, “Mọ́mì mi ló mọ ọ́n, mà. Èmi ni mo ń bá wọn ṣọ́ yín.”

Télọ̀ gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ni ọmọ tiẹ̀ náà bá ní, “Dádì mi náà ni o.”

Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó. Ó bi ọkọ mi pé ẹ̀bùn ìdílé àwọn dà. Onígíláàsì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, ọmọdé kì í fara balẹ̀ ka ìyẹ́ adìyẹ. Ó yọ káàdì tí wọ́n kọ orúkọ Ìyá Ìjọ sí, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, ó béèrè orúkọ mi. Mo ní ìyá… Ó ní rárá, ìyẹn orúkọ ọmọ, tèmi lòun ń béèrè.

Mo sọ ọ́, ó kọ ọ́. Mo wá ń wò ó níbẹ̀ bíi pé mi ò rí i lákọsílẹ̀ rí. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Àìkú, 26
Onígíláàsì ní tábìlì àgbà á wà lẹ́yìn yàrá láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Télọ̀ ti gba àga kan, èmi náà ti gba tèmi. Ìyá Ìjọ ló ka òfin rẹ̀ sí mi létí: ọmọ lè wò, ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ó wò yíká, ó ní tí olùkọ́ ò bá wo ọ̀dọ̀ wa, òun á kàn bá mi tún ẹnu adìyẹ tí mo bá mọ ṣe. Ẹnu nìkan.