Kànga Esinam àti Ìlà Elikem

Ilé Agbenorku,
Ẹ̀yìn Òkìtì Iyanrìn,
Anloga.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Èrèlé, 2011.

Kwasivi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n láti ìgbà ìhòòhò,

Esinam aya mi kú ní ọjọ́ kẹta, oṣù Bélú tó kọjá, ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́. Mo tún un sọ nítorí pé o kò wá, ẹni tí kò sì fojú rí sàréè lè rò pé àwàdà ni. Wọ́n ní o sunkún ní Kútọnu. O ṣeun, a gbọ́ igbe rẹ dé ìhín.

Báwo ni orúnkún rẹ? Báwo ni Yawa aya rẹ, tí kì í jẹ́ kí o rántí pé o ní orúnkún? Ṣé àwọn ọmọ le? Ṣé ọkọ̀ ojú omi rẹ ṣì ń jò, tàbí ó ti rì kó lè sinmi? Ní tèmi, mò ń jẹun, mò ń sùn. Òkèlè akple tí mo ń rò fúnra mi le bí ògiri, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Dzigbordi, àkọ́bí mi, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá dùn jù nínú rẹ̀, òun ló fi ṣúgà sí i.

Ìròyìn tó wà ńlẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ àwa olóko àlùbọ́sà ti ní ọ̀mọ̀wé. Elikem, ọmọ alága wa, ni. Ó kọ́ ìṣirò òwò ní yunifásítì, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé dókítà ni. Lẹ́yìn ìkórè oṣù Igbe tó kọjá, kí Esinam tó dùbúlẹ̀, ó lọ sí ogójì oko. Ìbéèrè méjì péré ló bi oníkálùkù: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń bomi rin ebè yín lójúmọ́, agbọ̀n mélòó lẹ sì kó? Esinam fúnra rẹ̀ dá a lóhùn, ó tún fún un ní ẹja díndín. Elikem wá fi àmì kọ̀ọ̀kan dúró fún oko kọ̀ọ̀kan lórí bébà, ó sì fa ìlà kan la àárín wọn kọjá.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ó pè wá jọ, ó ka ohun tí ìlà náà wí. Fún ẹ̀ẹ̀kan tí a bá fi kún iye ìgbà tí a ń bomi rin, agbọ̀n méjì àbọ̀ ń dín nínú ìkórè. Nítorí náà, omi ló ń pa àlùbọ́sà! Láti ìsinsìnyí, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ti tó, kí a sì dí àwọn kànga tó pọ̀ jù. Ti Esinam ni wọn yóò kọ́kọ́ rọ́ iyanrìn sí, torí ibẹ̀ ni alága fẹ́ kọ́ àká ẹgbẹ́ sí. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ti ń ru omi láti ọmọ ọdún méje, tí èjìká rẹ̀ ti bó, kò ní pàtẹ́wọ́ kẹ̀?

Mo na ọwọ́. "Ọmọ mi, tí n kò bá bomi rin ín rárá ńkọ́?"

Ó wo ìwé. "Torgbui, bàbá àgbà, ìlà sọ pé agbọ̀n méjìdínlógún."

"Nínú iyanrìn gbígbẹ?"

"Ohun tí ìlà sọ nìyẹn, sà."

"Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ńkọ́?"

Ó ṣírò rẹ̀, ojú tì í díẹ̀. "Á fi agbọ̀n méjì dín sí òfo."

"Ìyẹn ni pé èmi ni n ó gbé agbọ̀n méjì lọ fún ilẹ̀. Ó dáa. Ẹ bá mi wá ẹni tí yóò rù ú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága ní kí n jókòó, pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Bóyá. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń sunkún, a máa ríran.

Ìwọ náà mọ̀ pé àwọn kànga ẹ̀bá ọ̀sà ti ń yọ iyọ̀. Ebè tó bá mu omi iyọ̀ á rọ, olóko á sáré bu òmíràn sí i, á tún rọ, á tún bù ú. Ebè tó ń kú lọ ni wọ́n ń bomi rin jù. Elikem rí i, ó ní omi ló pa á. Mo sọ fún wọn pé oṣù mẹ́fà ni Esinam fi lo oògùn, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Èmi kò lo ẹyọ kan. Òun kú, èmi wà láàyè. Kí ọ̀mọ̀wé fa ìlà la àwa méjèèjì kọjá, kó wá wí fún mi pé oògùn ló pa ìyàwó mi. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo ní kó fi àmì oko Esinam hàn mí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń bomi rin tirẹ̀, agbọ̀n mọ́kànlélógún ló sì kó. Ìlà Elikem ní mẹ́jọ ló yẹ kó kó.

"Mo yọ ọ́, Torgbui. Ó jìnnà sí àwọn yòókù, ó ń ba ìlà jẹ́."

Ó ń ba ìlà jẹ́! Ikú yọ ọ́ lórí ibùsùn, ọmọ alága yọ ọ́ lórí bébà. Àwọn mìíràn tí omi wọn dùn, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń bù ú, wọn á lọ sùn. Obìnrin kan ṣoṣo tí omi rẹ̀ dùn, tí kì í sì í ṣe ọ̀lẹ, òun wá ni àṣìṣe.

Mo jáde, mo bu omi wá nínú igbá méjì, ọ̀kan láti kànga alága, ọ̀kan láti kànga Esinam. Elikem tọ́ ti bàbá rẹ̀ wò, ó tu ú dànù. Ó gbé ti Esinam sẹ́nu, ó mu ún tán.

"Ibo lo kọ ìyẹn sí nínú ìwé rẹ?"

Ó wo ìsàlẹ̀ igbá. "Mi ò bèèrè bí omi ṣe rí, Torgbui."

Ó kọ iye ìgbà tí a dà, kò kọ ohun tí a dà. Ṣùgbọ́n alága, tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tu omi rẹ̀ dànù, ní igbá kì í ṣe ẹ̀rí, pé bébà la fi ń ta ko bébà. Sátidé ni wọn yóò dìbò.

Bébà? Èmi tí àtàǹpàkò ni bírò mi! Dzigbordi náà kọ́ irú ìṣirò Elikem ní ìlú Ho. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ló ti ń gbé ife káàkiri ogójì oko náà, ó ń tọ́ omi wò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń bú mi pé iyọ̀ ti bó ahọ́n òun. Ó ní òun yóò dá àmì ìyá òun padà sí ibi tó wà.

Bá mi kí Yawa, kí àwọn atukọ̀ rẹ, kí orúnkún náà. Bí o bá fẹ́ wá kí mi kú ọ̀fọ̀, má wulẹ̀ gbé ọtí sódabì wá, omi ni kí o wá mu, bí wọn kò bá tíì dí i. Tèmi tán. Láti ibi yìí lọ, kànga náà, ọ̀rọ̀ Sátidé, àti bírò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, Dzigbordi ni mo fi wọ́n lé lọ́wọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì kú,
Dotse Agbenorku.
(Àtàǹpàkò mi nìyí.)