Aṣọ Pupa Tó Di Àwọ̀ Eérú

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Òpópónà Ilé-Ìtẹ̀wé,
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2007.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Dókítà Eegun,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn le, àbí òtútù ibẹ̀ ṣì ń fi imú wọn ṣeré? Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yìn tí o ní ó ń dùn ọ́ láti ibi tí o ti ń gbé àwọn aláìsàn dìde, ṣé ó ti fúyẹ́? Màámi ní ẹni tó ń to eegun fún aráyé, ẹ̀yìn tirẹ̀ ló ń dùn ún. A rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ló gbàdúrà fún ọ. Àwa níhìn-ín wà dáadáa. Ó ní kí n kọ́kọ́ kí ọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ mi, mo sì ti kí ọ báyìí.

O ti bi mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé kí ló dé tí Bàbá kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwo fídíò tí o fi ránṣẹ́. Bí o bá ti dárúkọ rẹ̀ lórí fóònù, "Mo ti rí i, o ṣeun" ló máa ń sọ, yóò sì gbé fóònù fún Màámi. Mo ní màá ṣàlàyé fún ọ. N kò lè ṣe é lórí fóònù, torí àga Bàbá kò jìnnà síbẹ̀, etí rẹ̀ sì pé, ọwọ́ nìkan ló ń ṣàìsàn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Jọ̀ọ́, jókòó kí o tó ka ìyókù.

Nígbà tí àwo náà dé, inú gbogbo wa dùn. O mọ̀ pé láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlu ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kò tíì jókòó ti maṣíìnì. Aṣọ tó ti gé sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà kí àìsàn tó dé ṣì wà lórí tábìlì, Màámi ló ń fi aṣọ ibùsùn bò ó kí eruku má bàa bà á jẹ́. Ìwọ lo ṣèlérí pé bí ó bá ń ṣe eré ìdárayá tí o máa fi hàn án, ọwọ́ náà lè padà síṣẹ́. Ìlérí yẹn ló gbára lé. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ wo àwo náà, ó ní kí n fá irùngbọ̀n òun, bí ẹni pé ìwọ ni yóò máa wò ó.

A fi àwo sínú ẹ̀rọ. Ohùn rẹ jáde ketekete, a tilẹ̀ gbọ́ tí ọmọ rẹ ń wúkọ́ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwòrán kọ̀, kò dúró. Ó ń yí lọ sókè ṣáá, ẹsẹ̀ rẹ wà lókè, orí rẹ ń yọ nísàlẹ̀. Màámi ń gbé orí tẹ̀lé ọ títí tó fi ní ọrùn ń dun òun. Kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀, dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wa tí o mọ̀ náà ni o, èyí tí a máa ń gbá ní ẹ̀gbẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Aládùúgbò wa kan ní wọ́n ti ti àwo náà pa ni, pé àwo ìlú kan kì í ṣí ní ìlú mìíràn. Ẹlòmíràn ní kí a lọ ra tẹlifíṣọ̀n tuntun. Bàbá dìde ní tirẹ̀. Ó yí kókó kékeré kan lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún maṣíìnì tí òwú rẹ̀ ń já, àwòrán bá dúró. O kàn kúrú díẹ̀ ni, àwọ̀ kò sì padà. A pàtẹ́wọ́ fún Bàbá. A rò pé a ti borí.

Wàyí o, rántí ohun tí o sọ nínú àwo náà. O so aṣọ mọ́ apá méjèèjì, o ní, "Bàbá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú pé ọ̀tún ni àbí òsì. Ọwọ́ tí mo so aṣọ pupa mọ́ ni kó máa ṣiṣẹ́. Ti aṣọ búlúù, kó kàn máa tì í lẹ́yìn." Mo mọ ìdí tí o fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ tí o ń wọ bàtà òdì títí o fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hu irùngbọ̀n, o kò fọkàn tán ara rẹ. O sì rò pé télọ̀ ni Bàbá, kò sí bí yóò ṣe ṣi àwọ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n lójú tiwa níbí, àwọ̀ eérú ni aṣọ méjèèjì. Ọ̀kan kàn ṣú ju èkejì lọ ni.

Màámi ní ká pè ọ́ ká béèrè. Bàbá ní kí la fẹ́ béèrè, pé òun ti ń fọwọ́ kan aṣọ kí wọ́n tó bí ẹni tó wà nínú àwo. Ó ní nínú fọ́tò àtijọ́, aṣọ pupa máa ń jáde bíi dúdú ni, nítorí náà, èyí tó ṣú ni pupa. Apá òsì rẹ sì ni èyí tó ṣú wà. Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì, ọwọ́ tó le koko, gbé ìgò omi, tó ń fún bọ́ọ̀lù mọ́wọ́, tó ń na apá sókè. Ọ̀tún ń tì í lẹ́yìn, ìyẹn ni pé ó ń sùn lórí itan rẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni o, kò pa á jẹ rí. Òsì náà wá lágbára débi pé kò sí ìdérí ìgò tí kò lè ṣí nílé yìí mọ́.

Mo bi í pé kí ló dé tí ọwọ́ tí ara rẹ̀ yá fi ń gba ìtọ́jú ọwọ́ tó ń ṣàìsàn. Ìdáhùn rẹ̀ ló dùn mí. Ó ní, "Dókítà Eegun ti dájọ́. Ó ti rí i pé ọ̀tún ti kú, ojú ló ń tì í láti sọ. Òsì ló ní kí n máa lò." Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, bí ẹni ń sọ iye yáàdì tí aṣọ kan yóò gbà. Àbúrò mi, ìdí nìyẹn tí kì í fi í fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò bínú sí ọ rárá. Ó gbà pé o ti fi ọ̀wọ̀ sọ òtítọ́ fún òun, òun náà sì fẹ́ fi ọ̀wọ̀ gbà á.

Ó gbìyànjú láti fi òsì gé aṣọ. O mọ àlùmọ́gàjí ńlá yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún. Bí o bá fi òsì mú un, ojú abẹ rẹ̀ méjèèjì yóò máa yà kúrò lára ara wọn, aṣọ yóò sì ká sí àárín. Nígbà tó sú u, ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó ní kí n gbé e fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, èyí tí à ń pè ní Ọ̀gá Kékeré, tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí. Mo gbé e lọ. Ọ̀gá Kékeré gbà á, ó kàn dì í mú lójú kan. Mo sunkún bí mo ṣe ń bọ̀, n kò ní parọ́ fún ọ.

Màámi ló gbà wá, kò sì mọ̀ pé òun ń gbà wá. Ó ní ojú rẹ dà bí eérú nínú àwo, pé ó dájú pé o ń ṣàìsàn, o kò fẹ́ ká mọ̀ ni. Bí mo ṣe ń sọ pé tẹlifíṣọ̀n ni, bẹ́ẹ̀ ló ń bi mí bóyá o ń jẹun. Kí n lè sinmi, mo mú àwo náà lọ sí òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń fọṣọ. Oníná wa ń yẹ tẹlifíṣọ̀n wò nínú yàrá kan, èmi wá kó aṣọ ibùsùn níbẹ̀, mo bá bẹ̀ ẹ́ kó bá mi fi àwo náà sínú ẹ̀rọ fídíò tó wà níbẹ̀. O jáde tàwọ̀-tàwọ̀. Ara rẹ ń dán, o tilẹ̀ ti sanra, ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí o wọ̀ kò sì bá ọ mu. Ẹ̀rín yẹn ni mo ń rín lọ́wọ́ tí mo fi rí apá rẹ. Pupa fòò ló wà ní ọ̀tún. Èyí tó ṣú, búlúù ni. Mo kígbe, aṣọ ibùsùn bọ́ lọ́wọ́ mi, oníná sì sáré lọ pa iná, ó rò pé iná ló gbé mi.

Ó ní kò sóhun tó ṣe àwo, kò sì sóhun tó ṣe tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to àwòrán lọ́dọ̀ yín ni wọ́n ń pè ní NTSC, tiwa ni PAL. Tiyín ń gbé nǹkan bí ọgbọ̀n àwòrán kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tiwa kò ju mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, ṣùgbọ́n ìlà inú ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ ju tiyín. Bí wọ́n sì ṣe ń di àwọ̀ mọ́ àwòrán yàtọ̀ síra. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó mọ ẹyọ kan lè gbé àwòrán èkejì, kò ní rí àwọ̀ rẹ̀. Ti òtẹ́ẹ̀lì mọ méjèèjì, torí ibi gbogbo ni àlejò ti ń wá. Kọ́kọ́rọ́ tí aládùúgbò wa ń wí náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwo fíìmù tí wọ́n ń tà ni wọ́n ń fi í tì, kì í ṣe èyí tí ènìyàn ṣe fúnra rẹ̀ nílé. Ó ní ẹ̀rọ fídíò wa gan-an lè yí tiyín padà sí tiwa kó tó gbé e fún tẹlifíṣọ̀n, ẹnìkan ló kàn ní láti sọ fún un. Ó tẹ̀lé mi wálé lẹ́yìn iṣẹ́, ó fi rìmóòtù wá ibi tí wọ́n ti ń yan irú tẹlifíṣọ̀n, ó yan PAL, ó sì dá kókó tí Bàbá yí padà sí àyè rẹ̀.

N kò sọ ohun tí mo rí fún Bàbá. Mo ní kí ó wá wò ó. Nígbà tí o yọ, ó dìde, ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó fi ìka kan aṣọ pupa náà. "Ọ̀tún ni," ó ní. "Ọ̀tún ló ní kí n máa lò." Ó ní kí a tún un fi láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tó parí, ó kọjú sí mi, ó ní, "Lọ bá mi gba àlùmọ́gàjí mi wá."

Ọ̀gá Kékeré kò jẹ́ kí n rojọ́ tán tó fi gbé e jáde. Inú ìwé ìròyìn tí Bàbá fi wé e náà ló ṣì wà.

Bàbá ló wá ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i. Yóò na téèpù rẹ̀ sílẹ̀, yóò fi ojú kan hàn wọ́n, íǹṣì nìyí, yóò yí i padà, sẹ̀ńtímítà nìyí. Ó ní aṣọ tí wọ́n fi íǹṣì wọ̀n tí ẹlòmíràn lọ fi sẹ̀ńtímítà gé, aṣọ kò ṣẹ̀, téèpù kò ṣẹ̀. Kì í sọ ti fọ́tò àtijọ́ mọ́, àwa náà kì í rán an létí, àfi Màámi.

Mo ti kọ lẹ́tà yìí dé ibí tipẹ́, Bàbá ló ní kí n dá a dúró, kí n má sì sọ nǹkan kan fún ọ lórí fóònù. Ó ní òun kò fẹ́ kí o máa dá ara rẹ lẹ́bi títí ọwọ́ yóò fi ní ohun tó lè fi hàn. Ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́ báyìí, Màámi ń gbé ìgúnpá rẹ̀ ró, ó ń sọ pé ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún lọwọ́ fi ń mọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò mú nǹkan wá, èkejì náà bẹ́ẹ̀. Ìka ìlábẹ̀ ló kọ́kọ́ jí, lẹ́yìn náà ni àtàǹpàkò wọ ihò àlùmọ́gàjí. Bí o bá tún ń ṣe àwo mìíràn, jọ̀ọ́, ṣe é ní PAL, kí o sì la ẹnu rẹ sọ ọ̀tún tàbí òsì. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó sọ ọ́.

Bá mi kí i, bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Ọ̀gá Kékeré kí ọ, oníná náà ní kí n kí ọ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àwo nìkan ló ti mọ̀ ọ́.

Bàbá ní kí n fi aṣọ pupa kékeré yìí sínú àpò ìwé. Etí rẹ̀ wọ́, ó rí jágajàga, bí ẹni pé eku ló jẹ ẹ́. Má fi rẹ́rìn-ín. Òsì ló bá a di aṣọ mú. Ọ̀tún ló gé e.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
                                        Ìyá Ìfọṣọ.